Corey Mace, lineman tó di ọ̀gá kóòṣì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi, yálà inú mọ́tò lẹ ti ń gbọ́ mi ni o, àbí ẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Èmi nìkan ni mo wà níbí lónìí, mi ò pe àlejò. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ló wà lọ́kàn mi látìgbà tí wọ́n ti gba Grey Cup, ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù Kánádà, ní oṣù kọkànlá 2025: Corey Mace, ọ̀gá kóòṣì Saskatchewan Roughriders, tímù tiwa níbí ní Regina. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Houston lè máa sọ pé ta tún nìyẹn, ẹ fara balẹ̀ jàre, mo ń bọ̀.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá ní Kánádà yìí, ó jọ ti Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà o. Èèyàn 12 ló ń wà lápá kọ̀ọ̀kan dípò 11, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n sì fi ń gbìyànjú àtirin yáàdì 10. Ní ti Mace, àárín àwọn géńdé tó ń bẹ̀rẹ̀ síwájú bọ́ọ̀lù ló wà, àwọn tó ń dènà, lineman ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí bọ́ọ̀lù bá ti mira báyìí, gbàgà, wọ́n ti kọ lu ara wọn, kí wọ́n tó dìde nílẹ̀ kámẹ́rà ti tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lọ, kò sẹ́ni tó rí nǹkan tí wọ́n ṣe. Òfin ibí tún wá ní kí wọ́n fi yáàdì 1 sílẹ̀ láàárín àwọn àti bọ́ọ̀lù. Yáàdì kan yẹn kéré lójú o, ṣùgbọ́n ẹni tó dojú kọ ẹ ti gbára jọ kó o tó kàn án, agbára nìkan ò lè gbà ẹ́ níbẹ̀. O gbọ́dọ̀ mọ ọwọ́ tó fi tẹlẹ̀ wò. Tó bá gbé gbogbo ara lé ìka ọwọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹ́ gbé e sá nìyẹn, tí ìdí ẹ̀ bá rọ̀ sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ jù ú. Ìṣẹ́jú àáyá kan lo ní láti fi ka gbogbo ìyẹn. Èmi ò rí ibi téèyàn ti lè kọ́ iṣẹ́ kóòṣì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Port Moody ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbẹ́ Vancouver, ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Palomar ní California, ó tún lọ sí Yunifásítì Wyoming. Ní 2007 Winnipeg, tímù Kánádà, mú un, ṣùgbọ́n Buffalo ní NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tó lò níbẹ̀, practice squad ló wà, ìyẹn ni pé o máa bá wọn ṣe tréníìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá dọjọ́ eré wàyí, òǹwòran ni ẹ́. Nígbà tó di 2010 ó padà sílé, ó bọ́ sí tímù Calgary. Ká ní ọmọ wa ni, ẹ̀yin náà mọ nǹkan tí àwọn àǹtí máa sọ: ṣé wọ́n lé e padà ni? Owó ibí ò sì sún mọ́ ti NFL rárá. Ọkùnrin yìí kàn jókòó ti iṣẹ́ ẹ̀ ni, ní 2014 Calgary gba Grey Cup ní Vancouver, ìtòsí ilé wọn gan-an.

Ibi tó ká mi lára jù nìyí. Ní 2016, Calgary sọ ọ́ di kóòṣì àwọn lineman, Micah Johnson tí wọ́n jọ gba ife 2014 wà lára àwọn tó wá ń kọ́. Ẹ rò ó wò. Èmi náà ti rí irú ẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n fi mí ṣe súpáfáísọ̀ lórí àwọn tá a jọ ń ṣe shift, ẹ̀gbọ́n kan sì wà níbẹ̀ tí mo máa ń kí tìdọ̀bálẹ̀-tìdọ̀bálẹ̀, èmi ni mo wá ń sọ pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pẹ́ dé lónìí o. Kí lo fẹ́ fi ojú ṣe? Ó dà bíi pé Mace mọ̀ ọ́n ṣe, torí wọ́n tún gba ife ní 2018, Tunde Adeleke tiwa náà wà nínú tímù yẹn, àyà mi wú.

Ó bọ́ sí Toronto ní 2022, òun ni kóòṣì àgbà fún àwọn tó ń dènà. Regina níbí ni wọ́n ti gbá ìparí ọdún yẹn, 24 sí 23, Winnipeg ni wọ́n lù. Kò tó ìṣẹ́jú kan kó parí, Winnipeg fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó máa fi wọ́n síwájú, ta ló fọwọ́ dí i? Robbie Smith. Lineman Toronto kẹ̀!

Àwa tá à ń gbé ibí ò mọ̀ pé ẹni tó máa di ọ̀gá kóòṣì wa là ń wò yẹn. Ní 2023 tímù wa borí 6 péré nínú eré 18, ojú ti gbogbo wa, wọ́n lé kóòṣì, wọ́n mú Mace. Ọdún tó tẹ̀lé e, Winnipeg dá wa dúró nílé wọn kó tó kan ìparí. Ọdún kejì, ìlú Winnipeg yẹn náà la lọ fún ìparí, Montreal la bá níbẹ̀, a lù wọ́n, 25 sí 17, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, ni ilé bá tú. Grey Cup wa ìkarùn-ún rèé látìgbà tí wọ́n ti dá tímù wa sílẹ̀ ní 1910. Àwọn òyìnbó àdúgbò gbẹ́ inú wọ́tàmẹ́lọ̀n, wọ́n dé e bí fìlà, àṣà wọn ni, ẹ má bi mí. Micah Johnson wà níbẹ̀ o, ó ti lé ní 35, ó ṣì ń bẹ̀rẹ̀ síwájú bọ́ọ̀lù, abẹ́ Mace kan náà.

Nǹkan kan la fi ń jiyàn níbí. Mace ò gbé iṣẹ́ àwọn tó ń dènà fún ẹlòmíì, òun ni ọ̀gá kóòṣì, òun náà ló tún ń pe eré fún wọn, ìyẹn ni pé òun ló ń sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dènà. Àwọn kan ní ẹrù ẹ̀ pọ̀ jù. Èmi ní ẹ fi sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ lojú ẹ̀ là sí, tẹ́ ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí lẹ wá gbà á síṣẹ́ fún? Ẹni tí kò bá gbà fún mi kó fi voice note ránṣẹ́, màá gbé e sórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.