Dréènì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú àtọwọ́dá: ìgbà tó ń dáàbò boni àti ìgbà tó ń kó àkóràn wọlé

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa júwe dréènì fún yín, ìyẹn rọ́bà tó ń fa omi jáde lábẹ́ awọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá gé ọmú nítorí jẹjẹrẹ, àyè ńlá máa ń ṣẹ́ kù lábẹ́ awọ, omi ara àti ẹ̀jẹ̀ á sì máa sun sínú rẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, tí omi tún kó jọ lẹ́yìn tí dréènì ti kúrò, dókítà á fi abẹ́rẹ́ fà á ní klíníìkì, aláìsàn á máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọmú sílíkóònù ni wọ́n fi sí àyè náà, tàbí àpò tí wọ́n ń rọ omi iyọ̀ sí díẹ̀díẹ̀ kí awọ lè fẹ̀, ewu ibẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò tó bá bọ́ sínú omi náà á lẹ̀ mọ́ ara àpò, àpò kò sì ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé oògùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Rọ́bà tí wọ́n sábà máa ń lò jẹ́ 15 French, ìyẹn mílímítà 5 ní ìbú. Òpin rẹ̀ tó wà níta wọ inú bọ́ọ̀lù rọ́bà tó ń gba mílílítà 100. Bọ́ọ̀lù yìí, tí a bá ti fún un pẹlẹbẹ, ló ń fa omi. Ọ̀kan tàbí méjì ni wọ́n ń fi sí ọmú kọ̀ọ̀kan. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í gba ojú ọgbẹ́ yọ ọ́ síta. Yóò mú un rin abẹ́ awọ fún ìwọ̀n ìka díẹ̀ kó tó yọ ní ìhà, kí ọ̀nà kòkòrò lè jìn. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán an mọ́ awọ kò gbọ̀dọ̀ gún rọ́bà náà fúnra rẹ̀, torí ojú ibẹ̀ ló máa ń já sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fà á yọ.

Àwọn dókítà kan tún máa ń fi awọ tí wọ́n ti fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ dànù wé ọmú àtọwọ́dá náà. Awọ yìí gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹran ara kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun tó lè hù wọ inú rẹ̀. Bí omi bá dúró láàárín wọn, kò ní lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, awọ yìí kan náà tún máa ń mú kí omi pọ̀ sí i.

Ní ti ìtọ́jú ilé, ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́. Ẹ fi ìka di rọ́bà mú ṣinṣin nítòsí awọ, kí ẹ fi ọwọ́ kejì àti òwú tí a fi sípíríìtì rẹ fún un wálẹ̀ dé ìdí bọ́ọ̀lù, kí ẹ̀jẹ̀ dídì lè rá jáde. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ da omi sínú ife oníwọ̀n, ẹ kọ iye àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá fún bọ́ọ̀lù náà pẹlẹbẹ, kí ẹ sì dé e kí ọwọ́ yín tó kúrò lórí rẹ̀. Ẹni tó bá tú ọwọ́ kó tó dé e, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ní fa nǹkan kan. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni, tàbí nígbàkígbà tó bá kún dé ìdajì, nítorí bó ṣe ń kún ni agbára rẹ̀ ń dínkù. Ara aṣọ òkè ni kí ẹ fi píìnì kọ́ ọ mọ́, kì í ṣe ṣòkòtò tí wọ́n á fà sílẹ̀ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Òfin tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀lé ni pé kí dréènì kúrò nígbà tí ohun tó ń jáde kò bá tó mílílítà 30 ní wákàtí 24, fún ọjọ́ méjì léraléra. Dréènì kọ̀ọ̀kan ni a ń ka tirẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Tó bá ti kọjá ọjọ́ 21, wọn á máa wò ó bóyá àǹfààní rẹ̀ ṣì ju ewu rẹ̀ lọ, torí rọ́bà tó pẹ́ nínú awọ ti di àkàbà fún kòkòrò. Síbẹ̀, ẹni tó rí mílílítà 40 tó kọ 25 nítorí pé dréènì ti sú u, ara rẹ̀ ló ń pa irọ́ fún.

Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni kí omi ṣàdédé dáwọ́ dúró. Mílílítà 80 lánàá, 5 lónìí: kì í ṣe ìwòsàn nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló sábà máa ń dí i, omi á sì máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà tàbí kí ọmú máa wú. Bí atẹ́gùn bá ń kún bọ́ọ̀lù gbàrà tí ẹ dé e, ó ṣeé ṣe kí ihò ara rọ́bà kan ti yọ síta awọ. Àwọ̀ omi náà yẹ kó kúrò ní pupa bọ́ sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kó tó di àwọ̀ ìyeyè. Bó bá padà pupa foo, tí bọ́ọ̀lù ń kún kíákíá, tí ọmú sì le gbagidi, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kódà lóru. Dréènì kò lè kó ẹ̀jẹ̀ dídì tó pọ̀ jáde.

Ti àkóràn, kòkòrò Staphylococcus ara awọ ló wọ́pọ̀, Pseudomonas tó fẹ́ràn ibi olómi sì tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe jókòó sínú omi ìwẹ̀. Pupa tó ń ràn káàkiri, ara gbígbóná tó dé 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi tó dà bí ọyún: ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ àdéhùn. Wọ́n lè yọ ọmú náà kúrò, kẹmoterápì, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, tó yẹ kí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ á sì falẹ̀, èyí tó burú ju àdánù ọmú àtọwọ́dá lọ. Àtọ̀gbẹ, sìgá, ìsanra àti ìtànṣán ìtọ́jú jẹjẹrẹ ń mú ewu yìí pọ̀.

Ọ̀pọ̀ ṣì ń fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò títí dréènì fi máa kúrò. Ìtọ́ni CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ní 2017 kò fara mọ́ ọn: nínú iṣẹ́ abẹ tó mọ́, kò sí àfikún oògùn ìdènà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rán ojú ọgbẹ́ pa, bí dréènì tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ mímọ́ àti báńdéèjì oní-chlorhexidine (oògùn tó ń pa kòkòrò lára awọ) ní ẹnu ihò bọ́gbọ́n mu ju oògùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ.

Lọ́jọ́ yíyọ, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ ṣí ìdérí kí ìfà dúró, ẹ gé òwú, ẹ fà á láìdánu dúró bí aláìsàn ṣe ń mí síta, kí ẹ sì wo òpin rẹ̀ bóyá ó pé. Omi ṣì lè kó jọ lẹ́yìn náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ wá a bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmú tí wọ́n gé lásán. Dókítà tó fi ọmú náà sí, tàbí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ àwòrán ultrasound wo ibi tí ẹnu abẹ́rẹ́ ń lọ, nìkan ló yẹ kó ṣe é, nítorí bí abẹ́rẹ́ bá lu àpò náà, jíjò ni yóò máa jò.