Ohun Tí Kóòṣì Bá Ń Kà Ni Àwọn Ọmọ Yóò Máa Ṣe: Ìyì Ẹgbẹ́ Nínú Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga

Ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá, ẹ̀yin balógun ẹgbẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìrọ̀lẹ́ yín ṣiṣẹ́ lójú kọ́ọ̀tù káàkiri Ìbàdàn, ẹ kú ìjókòó. Ìyì ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ẹnu gbogbo wa ló wà, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni àwọn tó ń kọ́ni ní ìyì bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní dríbù àti páàsì. A máa ń rò pé orin inú bọ́ọ̀sì àti aṣọ tó bára mu ló ń fún ẹgbẹ́ níyì. Rárá o. Ẹ wo ìgbà tí alátakò já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ wa ní kọ́tà kẹrin, tó kọjú sí apẹ̀rẹ̀ wa, tó sì ti rẹ gbogbo ọmọ. Ẹni mélòó ló sáré padà? Ta ló gbé ọwọ́ lé ìbàdí, tó ń wo ojú rẹfirí? Ibẹ̀ ni ìyì ẹgbẹ́ ti ń hàn.

Bí ọmọ kan bá ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, gbogbo ọgbà ni yóò pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹni tó dúró gbagidi tó fi ara rẹ̀ ṣe screen kí ọ̀nà lè là fún un, kò sí ẹni tó rí i. Bí kóòṣì náà kò bá rí i, láìpẹ́ ọmọ yẹn kò ní ṣe é mọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Tó bá jẹ́ pọ́íǹtì nìkan lẹ ń kà, ẹ ó kó àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù jù jọ, ẹ kò sì ní ní ẹgbẹ́.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé, ẹ fa ìlà sí i. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ méjìlá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lókè, ẹ kọ nǹkan márùn-ún péré: ọwọ́ tó kan bọ́ọ̀lù alátakò, yálà a rí bọ́ọ̀lù náà gbà tàbí a kò rí i gbà; box-out, ìyẹn kí ọmọ fi ẹ̀yìn dí alátakò kó má bàa rí bọ́ọ̀lù tó ta padà gbà; screen tó jẹ́ kí ẹlòmíràn rí bọ́ọ̀lù jù wọlé; bọ́ọ̀lù ilẹ̀ tí ọmọ bẹ́ lé; àti ìgbà tí ọmọ dúró gba ìkọlù tí rẹfirí sì fọn fèrè fún wa. Ọmọ méjì lórí bẹ́ǹṣì ni yóò máa fa igi sí i, igi kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀kan máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù wà, kí èkejì máa wo ibi tí bọ́ọ̀lù kò sí. Ẹ pààrọ̀ wọn ní kọ́tà kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó ń kà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í pẹ́ fi igi kún igi. Nígbà tí kọ́tà méjì bá parí, ẹ ka nọ́ńbà náà sókè kí ẹ tó sọ èrò tiyín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tí kò ju bọ́ọ̀lù kankan wọlé. Ẹ ó rí i bí yóò ṣe jókòó ṣánṣán.

Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni pé kóòṣì á ka nǹkan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan, apá àwọn ọmọ kò ní ká a, ìwé yẹn á sì di ìdọ̀tí lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Márùn-ún ti tó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí box-out, torí òun ni iṣẹ́ tí ìyì ẹgbẹ́ pọ̀ sí jù. Nígbà tí alátakò bá ju bọ́ọ̀lù, ojú gbogbo ènìyàn máa ń bá bọ́ọ̀lù lọ sókè. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ kọ́ ọmọ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń ṣọ́. Kó gbé ìsàlẹ̀ apá lé e ní àyà, kó má fi ọwọ́ tì í, torí fáòlù ni. Lẹ́yìn èyí, kó fi ẹsẹ̀ kan yípo, kó kọ ẹ̀yìn sí onítọ̀hún, kó tẹ orúnkún, kó fẹ ẹsẹ̀ ju èjìká lọ, kó gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Kó di ìdúró náà mú fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ka ení, èjì. Ìgbà náà ni yóò tó wo òkè tí yóò sì fò. Ọmọ tó bá dúró ṣánṣán, wọ́n á tì í sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ tún kọ́ wọn pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù láti igun kan tí kò wọlé, òdìkejì ló sábà máa ń já sí. Kí ẹni tó wà níbẹ̀ má ṣe rò pé iṣẹ́ kò kan òun.

Ìdánwò tó dára jù ni èyí: ẹ gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láàárín agbo kékeré kan, kí ọmọ mẹ́ta ṣọ́ ọ, kí mẹ́ta máa gbìyànjú láti fọwọ́ kàn án. Bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò kàn án, àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti borí. Níbí ni ẹ ó ti rí i pé ọmọ kúkúrú tó lágídí ń dí ẹni gíga mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìwà nìkan là ń sọ. Ká ní ẹgbẹ́ yín gba bọ́ọ̀lù ní ìgbà 70 nínú eré kan, tí ẹ sì sọ 14 nù láì tíì jù ú. Ìdá kan nínú márùn-ún lọ nìyẹn. Rebound mẹ́fà, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tó ta padà, tí ẹ bá gbà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ alátakò máa dá mẹ́fà padà fún yín. Ẹ wo free throw náà, bọ́ọ̀lù tí a ń jù lẹ́yìn fáòlù láìsí ẹni tó dí wa: nínú 20, ẹgbẹ́ tó ń ju ìdajì wọlé ní pọ́íǹtì 10, èyí tó ń ju ìdá méje nínú mẹ́wàá ní 14. Pọ́íǹtì mẹ́rin ló ti sọ ọ̀pọ̀ eré nù. Àwọn ọmọ a máa ju 50 léraléra nígbà tí ara wọn tutù, wọ́n á sì yọ̀. Nínú eré, méjì péré ni wọn yóò jù, ọkàn wọn á sì máa lù kìkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sáré kọ́ọ̀tù lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n ju méjì, kí wọ́n kúrò níbẹ̀, kí ẹlòmíràn bọ́ síbẹ̀.

Nípa kọ́ọ̀tù, kíákíá ni a ó sọ ọ́. Mítà 28 ni gígùn rẹ̀, 15 ni ìbú, etí apẹ̀rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga ní mítà 3.05 sílẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n. Àwọn ọmọ tó ń so rọ̀ mọ́ apẹ̀rẹ̀ a máa fà á wálẹ̀ láti iwájú, ẹni tó bá sì ti mọ́ lára láti máa jù sí apẹ̀rẹ̀ tó tẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ga tó nílé onílé. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń bo sìmẹ́ńtì. Ẹ gbá a, ẹ fi aṣọ tútù nù ún kí ìgbáradì tó bẹ̀rẹ̀, torí lórí eruku ni ọrùn ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Lóṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, kò sí ohun tó yẹ kó mú ọmọ wà lójú kọ́ọ̀tù ní agogo méjì ọ̀sán. Ẹ sì wo ìbọ̀sẹ̀ wọn. John Wooden, kóòṣì tó gba ife ẹ̀yẹ NCAA, ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín ọdún 1964 sí 1975 pẹ̀lú yunifásítì UCLA, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ìbọ̀sẹ̀ ló kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó ká jọ ní gìgísẹ̀ ló ń di ìléròrò, sìmẹ́ńtì gbígbóná sì máa ń yá a.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, àkọ́kọ́ ní 1966, ṣùgbọ́n kí ọmọ Yunifásítì Ìbàdàn tó ronú kan NUGA, họ́ọ̀lù tó ń gbé ló kọ́kọ́ ń gbèjà. Ọmọ Mellanby, ọmọ Tedder, ọmọ Kuti, ọmọ Bello, ọmọ Indy àti ọmọ Zik kì í fi ọ̀rọ̀ họ́ọ̀lù wọn ṣeré. Ohun rere ni, torí ìdíje yẹn ló ń kọ́ ọmọ pé kí ó jìyà fún aṣọ tó wọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ń yọjú lẹ́yìn àṣekágbá, nígbà tí àwọn tó ti bú ara wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá di ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Ẹ ó rí ọmọ tó ń wo ẹnìkejì rẹ̀ lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó ṣọ́ ọ, tí yóò sì yí bọ́ọ̀lù sí ibòmíràn. Kì í ṣe pé kò rí i.

Ẹ má ṣe fi orin họ́ọ̀lù de wọn léèwọ̀. Ẹ ó kàn máa dá iná sí i ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín pín wọn, kí wọ́n má yan ara wọn. Ẹ so àwọn tó jà jù pọ̀ ní méjì-méjì nínú ìdánrawò tí àmì wọn jẹ́ ọ̀kan: bí ọ̀kan bá ju bọ́ọ̀lù nù, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ nù. Aṣọ họ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ wọ kọ́ọ̀tù nígbà ìgbáradì ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá rin ìrìn-àjò, ẹ fi wọ́n sí yàrá kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka páàsì tó ń kọjá láàárín wọn. Bí nọ́ńbà náà kò bá pọ̀ sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ pe àwọn méjèèjì sí kọ̀rọ̀, kí ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n. Wọn kì í lè jiyàn pẹ̀lú igi tí ẹlẹgbẹ́ wọn fà.

Ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì ńkọ́? Mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni yóò ṣeré dáadáa nínú méjìlá. Àwọn yòókù gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ wọn lójúkojú: “Ìwọ, bí fáòlù bá di mẹ́ta lọ́rùn ẹni tó ga jù kí kọ́tà kẹta tó parí, ìwọ ló ń wọlé. Iṣẹ́ rẹ ni box-out àti screen, má ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè.” Ọmọ tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí lè dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láì banú jẹ́. Èyí tí wọ́n sọ fún pé “ṣáà máa múra sílẹ̀,” ìbínú ló ń múra sílẹ̀ fún. Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú àwọn márùn-ún àkọ́kọ́, òun ni kó kọ́kọ́ gbọ́, ní kọ̀rọ̀, kí orúkọ tó jáde. Èyí tó bá gbọ́ ọ lójú agbo, ojú tì í nìyẹn, kò sì ní rọrùn fún un láti pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gba ipò rẹ̀.

Nípa ìdíje láàárín ara wọn, kò yẹ kí ìdánrawò kankan wà láìsí àmì àti aago. Ẹ ṣe é dé pọ́íǹtì méje, kí rebound lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ alátakò náà jẹ́ pọ́íǹtì kan. Ẹni tó bá pàdánù ni yóò kó bọ́ọ̀lù àti ike omi. Ẹ má fi eré sísá jẹ wọ́n níyà. Ọmọ tí wọ́n fi eré sísá jẹ níyà yóò gbà pé ìyà ni eré sísá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sísáré padà ni a fẹ́ kó máa ṣe láìsí ẹni tó pàṣẹ. Bákan náà, ẹ má fi àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ kọjú ìjà sí àwọn ọmọ bẹ́ǹṣì lójoojúmọ́ láti òdo sí òdo. Wọ́n á máa borí, wọ́n á sì di ọ̀lẹ. Ẹ fún àwọn bẹ́ǹṣì ní pọ́íǹtì mẹ́jọ ṣáájú, kí aago ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti handball ló kọ́kọ́ ń gbá kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti ń di géńdé. Nígbà tó dé Yunifásítì Houston ní 1980, ó ń lọ kojú Moses Malone, ẹni tó ti jẹ́ òléwájú nínú NBA, líìgì àwọn amọṣẹ́dunjú ní Amẹ́ríkà, nígbà náà, ní gbọ̀ngàn Fonde nígbà ẹ̀rùn. Malone kò ṣàánú rẹ̀. Ní 1984, Olajuwon ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo àwọn tó wọ NBA lọ́dún yẹn. Ní 1994 àti 1995 ó gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ wá ẹni tó ju ọmọ yín lọ fún un, kí ẹ má sì máa bẹ onítọ̀hún pé kó rọra ṣe é.

D'Tigress, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin Nàìjíríà, náà wà níbẹ̀ fún gbogbo wa láti wò. Ní Paris lọ́dún 2024, wọ́n na Ọsirélíà ní 75 sí 62, wọ́n na Kánádà ní 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Olympics. Ẹ wá fídíò eré wọ̀nyẹn, kí ẹ pa ohùn rẹ̀, kí àwọn ọmọ má wo apẹ̀rẹ̀ rárá. Kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin náà nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà ní afẹ́fẹ́ láàárín ọwọ́ alátakò méjì. Gbogbo àwọn márùn-ún ti ń kúrò lójú kan kó tó balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa níbí ń dúró kí bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ ẹni tó ń gbà á kí wọ́n tó gbéra, wọ́n á sì ti pẹ́.

Ní ti balógun ẹgbẹ́, ẹ má fi ipò náà fún ẹni tó ń ju pọ́íǹtì jù kìkì nítorí pọ́íǹtì. Ẹ wo ìwé yẹn, kí ẹ wo ẹni tí igi rẹ̀ kò dínkù nígbà tí a ń pàdánù. Òun nìkan ni kó máa bá rẹfirí sọ̀rọ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nígbà tí aago bá dúró. Kí ó mọ̀ pé technical foul kan, ìyẹn fáòlù nítorí ìwà, kì í ṣe nítorí ìfarakanra, fún alátakò ní free throw kan, ó wọ inú fáòlù márùn-ún ọmọ tó gbà á, ó sì tún kún fáòlù ẹgbẹ́. Technical foul méjì sì ń lé ọmọ jáde. Kí ó mọ̀ pé láti orí fáòlù karùn-ún ẹgbẹ́ wa nínú kọ́tà kan ni alátakò yóò ti máa ju free throw méjì. Kí ó sì mọ iye timeout, ìdádúró tí ẹgbẹ́ lè béèrè, tó kù: mẹ́ta lápapọ̀ ni fún kọ́tà kẹta àti ìkẹrin, ṣùgbọ́n bí aago bá ti ku ìṣẹ́jú méjì, méjì péré ni ẹ lè lò mọ́, ẹ̀kẹta tí ẹ tọ́jú ti jóná. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ tiwa lẹ́yìn ìlà àárín nígbà náà, timeout yẹn lè gbé e lọ sí ìhà iwájú. Ẹ ṣe ìgbáradì ìṣẹ́jú méjì ìkẹyìn yìí ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pẹ̀lú aago gidi, kí balógun máa sọ nọ́ńbà sókè kí ẹ̀yin tó là á yé wọn.