Ká Ní Àkọlé Ìwé Ìròyìn Ṣẹ Ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin èwe, mo kí yín o. Eré kan ni mo fẹ́ ká jọ ṣe lónìí. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: a ó mú àkọlé ìwé ìròyìn àtijọ́, a ó gbà pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí, a ó wá bi ara wa pé, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?" Àkọlé tó ń ṣiyèméjì kò dùn ún fi ṣeré. Èyí tó dá ara rẹ̀ lójú bí ọkọ ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni kí ẹ bá mi wá.

Òṣùpá ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1835, The Sun ti New York bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn kan jáde, apá mẹ́fà ni, pé Sir John Herschel ti fi awò ńlá wo òṣùpá láti Gúúsù Áfíríkà. Òótọ́ ni pé onímọ̀ ìràwọ̀ ni Herschel, òótọ́ sì ni pé Gúúsù Áfíríkà ló wà lọ́dún náà. Ìyókù, irọ́ funfun báláú ni. Wọ́n ní àwọn ènìyàn tó ní apá bíi ti àdán ń gbé ibẹ̀. Wọ́n tún ní beaver ibẹ̀, ẹranko kan tó fara jọ ọ̀yà, ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, ó ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì ń dáná nínú ahéré.

Ó dáa, ká ní ó ṣẹ. Ó di ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, Armstrong àti Aldrin, àwọn ará Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Àwọn ènìyàn àdán dorí kodò lára àpáta, wọ́n ń wo ìṣe òyìnbó. Wọ́n rí àsíá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, wọn ò fọhùn. Wọ́n rí òkúta tí wọ́n ń ṣà, wọn ò fọhùn. Ìgbà tí òkúta di kílò 21.5 tí àwọn àlejò sì fẹ́ máa gbé e lọ ni àgbà àdán kan rọra sọ̀kalẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ìrìn o. Ta lẹ bi kí ẹ tó ṣa òkúta?" Lẹ́nu ọ̀nà ahéré, èéfín ń rú, ọmọ beaver ń bi ìyá rẹ̀ pé irú ẹranko wo tún rèé tó ń fi ẹsẹ̀ méjì tọ bí ọ̀pọ̀lọ́.

The New York Times náà kò gbẹ́yìn. Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1903, wọ́n gbé àròkọ kan jáde lórí ẹ̀rọ ìfò tí kì í fò. Wọ́n ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè gbà tó mílíọ̀nù 1 sí mílíọ̀nù 10 ọdún kí ó tó ṣeé ṣe. Ọjọ́ 69 lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ ìyá Wright fi ẹ̀rọ ìfò tiwọn gbéra nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 12. Ká ní ti ìwé ìròyìn ló ṣẹ, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì á kàn máa sọ fún yín pé, "Ẹ jókòó, ọkọ̀ òfurufú yín pẹ́ díẹ̀ ni." (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí, ẹ sọ fún mi bóyá kò tíì ṣẹ.)

Ìwé ìròyìn yìí kan náà ló fi Robert Goddard, onímọ̀ rókẹ́ẹ̀tì, ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1920, pé rókẹ́ẹ̀tì kò lè rìn níbi tí kò sí afẹ́fẹ́. Lọ́jọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1969, tí Apollo 11, ọkọ̀ tó gbé Armstrong àti Aldrin lọ sí òṣùpá, ti wà lójú ọ̀nà láti àná, ni wọ́n tó tẹ àtúnṣe jáde. Goddard ti kú láti ọdún 1945. Ká ní rókẹ́ẹ̀tì máa ń gbọ́ràn sí ìwé ìròyìn lẹ́nu, á dé ibi tí afẹ́fẹ́ pin sí, á dúró gbagidi, á ní òun ń retí àtúnṣe. Ọdún 49.

Ọ̀kan wà tí mo gbìyànjú láti fi ṣeré tí eré náà kò lọ. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1912, Evening Sun ti New York kọ ọ́ pé gbogbo èrò Titanic, ọkọ̀ ojú omi tó rì, ló yè. Nǹkan bí ènìyàn 1,500 ló ti bómi lọ nígbà náà. Ká ní ó ṣẹ, ọkùnrin kan ì bá máa jà pé omi ba àpótí aṣọ òun jẹ́, òmíràn ì bá máa béèrè owó ọkọ̀ rẹ̀ padà, àwa tí a wà níbí ì bá má sì mọ orúkọ ọkọ̀ náà rárá.

Ìyá gbogbo wọn ni ti Chicago Daily Tribune, ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1948, tó ní Dewey fàgbà han Truman, ẹni tó wà lórí oyè, nínú ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé ń daṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ìròyìn sì ní láti tètè wọ ẹ̀rọ kí wọ́n tó ka ìbò tán. Nǹkan bí 150,000 ẹ̀dà ló ti jáde. Nígbà tí wọ́n kà á tán, nínú ìbò àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ tó ń yan ààrẹ lọ́hùn-ún, Truman ní 303, Dewey ní 189. Lọ́jọ́ kejì, ní ibùdókọ̀ ojú irin St. Louis, Truman na ìwé ìròyìn náà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ká wá ní ìwé ìròyìn ló ń yan ààrẹ. Dewey dé géètì Ilé Ààrẹ, ó ki Tribune mọ́ abíyá. Ọlọ́pàá kà á, ó ní, "Ti Chicago nìyí, sà. Ti àwọn ìlú yòókù dà?" Kí oòrùn tó dé àtàrí, ààrẹ márùn-ún ti tò sẹ́nu géètì, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé ìròyìn tirẹ̀. Ẹni tí ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yàn, wọ́n ní kó padà wá ní Sátidé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé wá di àjọ elétò ìdìbò. Wọ́n ní bí owó oṣù àwọn kò bá lé, kò sí ààrẹ.

Nígbà tó kan ìbéèrè, ọmọbìnrin kan dìde lẹ́yìn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ká ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ àkọlé yẹn ńkọ́?"

Mo ní, ọmọ mi, wọn ì bá ti bọ́! Kí wọ́n sáà ti kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá láìfi àmì sí i: DEWEY WOLE. Lálẹ́ ọjọ́ ìdìbò, Dewey wọlé. Bí èsì bá yí padà láàárọ̀, kí olóòtú ní àwọn òǹkàwé ni kò mọ̀wé kà: Dewey wolé ni, ó kàn wo Ilé Ààrẹ láti ìta. Àmọ́ kó má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á sí Dewey wólé, nítorí ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò nìyẹn.

Ọmọ náà kò tíì jókòó. Ó ní, "Àbí Dewey wolẹ̀, sà?"

Mo gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un.