Bí lẹ́ǹsì drone yín ò ṣe ní máa làágùn nígbà òtútù

Ẹ kú òtútù o ẹ̀yin èèyàn mi. Aberdeen ní Scotland ni mo wà, aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá, fóònù mi ṣì ń kọ -3°C, imú mi ti ń ṣomi báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má bi mí pé kí ni mò ń wá níta, iṣẹ́ ni jàre.

Ohun tẹ́ ẹ ń bi mí jù ni pé kí ló dé tí fídíò tẹ́ ẹ fi drone (kámẹ́rà tó ń fò) yà ń rí bíi pé wọ́n ta náílọ́ọ̀nù bò ó. Òtútù kọ́ o. Afẹ́fẹ́ tó móoru tó sì lómi nínú ló ń ṣe é, tó bá ti kan gíláàsì tó tutù, omi ló máa dà sí i lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo awò, ṣebí tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sórí omi àmàlà tó ń hó ẹ kì í ríran mọ́? Òun náà nìyẹn. Kódà l'Ékòó, ẹ gbé kámẹ́rà jáde nínú mọ́tò tí ẹ́síì ti ń fẹ́ látàárọ̀, kíá ló máa ṣú. Ọyẹ́ ní tiẹ̀ tutù ṣùgbọ́n ó gbẹ, eruku ni wàhálà tiẹ̀.

Mo ti fojú winá ẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé, mo ya ibì kan tán, mo ju drone sórí síìtì, mo tan hítà dé góńgó, mo wakọ̀ lọ síbi kejì, bí mo ṣe gbé e jáde lomi ti bo gbogbo ara ẹ̀, èmi náà ò dúró, mo gbé e fò, omi yẹn di yìnyín sára gimbal (apá tó gbé kámẹ́rà dúró, tó sì ń yí i), kámẹ́rà ò lè yí mọ́. Owó ọjọ́ yẹn lọ.

Torí náà, láti alẹ́ àná, inú búùtù mọ́tò ni drone mi sùn. Bátìrì ò sí nínú ẹ̀ o, bátìrì wà pẹ̀lú mi nínú ilé, àárọ̀ yìí sì ni mo kó wọn sí àpò inú jákẹ́ẹ̀tì mi, ẹ wò ó, níbi tí ara mi ti ń gbóná. Drone ni kó tutù, bátìrì ni kó móoru, ẹ má gbé e gba ibòmíì.

Tẹ́ ẹ bá débi tẹ́ ẹ fẹ́ yà, ẹ ṣí báàgì níta, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fìlítà, gíláàsì kékeré tí wọ́n fi ń bo lẹ́ǹsì, sí i. Tẹ́ ẹ bá ti fi í sí i látilé, afẹ́fẹ́ pálọ̀ yín lẹ há sáàárín fìlítà àti lẹ́ǹsì yẹn, ó máa ṣú látinú, kò sì síbi tẹ́ ẹ máa gbà nù ún. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ o! Omi ni èémí. Róbà tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku yìí ni kẹ́ ẹ lò. Nǹkan tí wọ́n ń fi nu gíláàsì kó má baà ṣú, fìlítà ni mò ń fi nù, mi ò jẹ́ kó kan lẹ́ǹsì gan-an, ó lè ba ojú ẹ̀ jẹ́.

Ẹ má gbé e fò látorí sìnó. Kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi ni mo tẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó dúró lókè bíi mítà méjì fún ìṣẹ́jú kan kí bátìrì gbóná díẹ̀ sí i.

Kùrukùru ńkọ́? Tí ojú ọjọ́ bá wà ní òdo tàbí kó dín, tí kùrukùru sì wà, mi ò ní fò, ẹ̀ báà fún mi ní mílíọ̀nù. Omi inú kùrukùru yẹn lè tutù ju òdo lọ kó má tíì dì, ìgbà tó bá gbá propeller (abẹ̀bẹ̀ tó ń gbé drone fò) ló máa dì. Ẹ sún mọ́ eléyìí, mo tọ́jú fọ́tò ẹ̀: ẹ wo etí ibi tó ń gé afẹ́fẹ́, funfun tó rí ṣákiṣàki bí iyọ̀ yẹn. Ìwọ̀nba yẹn ti tó láti jẹ́ kó má lè gbé ara ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí dídún drone yẹn yí padà, tí bátìrì ń já wálẹ̀ wìtìwìtì, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kíá. Àwọn tó ṣe drone kékeré yìí ní ó lè ṣiṣẹ́ dé -10°C, wọn ò ní kẹ́ ẹ gbé yìnyín lé e lórí. Òfin ìlú yìí náà sì ní ojú yín gbọ́dọ̀ máa rí i ní gbogbo ìgbà tó bá wà lókè.

Ó ku bá a ṣe máa gbé e wọlé, ibẹ̀ gan-an ni èèyàn ti ń ṣìṣe jù. Ẹ yọ SD card kọ́kọ́, torí mo mọ̀ yín, ẹ ò ní lè dúró. Ẹ fi drone sínú náílọ́ọ̀nù tó ní zip, níta níbí o, ẹ ju sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun yẹn sí i, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ tì í pa. Nínú ilé, ẹ má fi hair dryer sí i, ẹ gbé e sórí tábìlì fún wákàtí kan sí méjì.

Èyí tí mo gbé wọlé ní bí ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn rèé. Ẹ wo ara náílọ́ọ̀nù, omi ń ṣàn wálẹ̀ níta ẹ̀. Ẹ wá wo lẹ́ǹsì nínú lọ́hùn-ún: ó gbẹ táútáú. Mi ò tíì ní ṣí i o, ẹ jẹ́ n lọ po tíì mi ná.