Ohun tí Kíndìnrín ń Dá Padà Pọ̀ Ju Èyí tó ń Dà Nù

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará. Bí a bá ti dárúkọ kíndìnrín, ìtọ̀ ló ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Ìtọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ díẹ̀ ni nínú iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe.

Ẹ̀yìn ni àwọn méjèèjì wà, lábẹ́ egungun ìhà. Ti ọ̀tún rẹlẹ̀ díẹ̀ nítorí ẹ̀dọ̀ tó gorí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 11, síbẹ̀ nǹkan bíi lítà ẹ̀jẹ̀ 1 ló ń gba inú wọn kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Asẹ́ tín-ín-tìn-ín tó tó mílíọ̀nù 1 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ á fi ipá wọ ibẹ̀. Omi, iyọ̀, ṣúgà àti ìdọ̀tí á jò kọjá, ẹ̀jẹ̀ pupa àti púrótíìnì á kù sẹ́yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí. Omi tí asẹ́ wọ̀nyí ń sẹ́ lójúmọ́ tó lítà 180, bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ wa kì í sábà ju lítà 1 sí 2 lọ. Níbo ni ìyókù gbà? Inú ẹ̀jẹ̀ ló padà sí. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó so mọ́ asẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fa omi padà, tó ń fa iyọ̀ tí ara ń fẹ́, tó sì ń fa ṣúgà tán pátápátá. Bí ṣúgà bá wá pọ̀ ju agbára páìpù yìí lọ, á dà sínú ìtọ̀, á sì wọ́ omi tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí alátọ̀gbẹ fi ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òùngbẹ kì í sì í tán lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Láti inú kíndìnrín, ìtọ̀ á ṣàn lọ sínú àpò ìtọ̀, á sì jáde. Ọ̀nà àbájáde obìnrin kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó 20. Kíkúrú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn tètè dé àpò ìtọ̀ obìnrin. Ẹ má ṣe bú wọn pé ọ̀bùn ni wọ́n.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé asẹ́ yìí ń bàjẹ́ láìdunni. Ẹ̀jẹ̀ ríru á máa tì í títí ojú rẹ̀ á fi là, púrótíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ìtọ̀ á máa hó bí ọṣẹ. Kíndìnrín náà ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa, nítorí náà bó bá ti ń kú lọ, ẹ̀jẹ̀ ara á máa dín kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gan-an. Ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde oríṣi APOL1 méjì, ohun àjogúnbá tó wọ́pọ̀ láàrin àwa àti àwọn aládùúgbò wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó ń bá ara gbógun ti irú kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Àmọ́ ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe. Àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà gbé e lọ, àwọn ọmọ wọn sì ní in di òní.

Ẹni tí òbí rẹ̀ bá ti ní àrùn kíndìnrín, kó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Kó ní kí wọ́n wo púrótíìnì nínú ìtọ̀ òun àti creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò, nínú ẹ̀jẹ̀, kó sì yéé fi ibuprofen ṣe oògùn ara ríro ojoojúmọ́ láìbi dókítà.