Wáyà Eyín Nìkan Kò Lè Dá Àgbọ̀n Padà

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, ẹ rọra pa eyín yín pọ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wa, eyín òkè ló máa ń bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ wọn yọ síwájú débi pé eyín iwájú kì í pàdé. Ẹ fi àkàrà gbígbóná lé irú wọn lọ́wọ́ láàárọ̀ ní Nyanya: ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni wọ́n máa fi gé e, tàbí kí wọ́n fọwọ́ bù ú sẹ́nu.

N ò sọ ti èjí o. Èjí, ẹwà ni. Egungun ni tiwa yìí.

Wáyà lè ti eyín, kò lè gbé egungun àgbàlagbà kúrò láyè rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló lè sún egungun náà, dókítà tó ń to eyín àti dókítà oníṣẹ́ abẹ ẹnu ló sì máa jọ ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ dúró kí àgbọ̀n dàgbà tán; fún ọkùnrin, ó sábà máa ń di ọdún 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wáyà ló máa ṣáájú, bí ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Ibí gan-an ló ń dẹ́rù bani. Ọjọ́ ti pẹ́ tí eyín ìsàlẹ̀ ti tẹ̀ sẹ́yìn, tí ti òkè tẹ̀ síwájú, kí wọ́n ṣáà lè súnmọ́ra. Bí wáyà bá ti ń mú wọn nàró, àlàfo àárín wọn á máa fẹ̀ sí i, á dà bíi pé ọ̀rọ̀ tún bàjẹ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré lọ yọ ọ́! Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á kunni lóorun. Inú ẹnu ni wọ́n sábà ti ń gé e, kí àpá má bàa hàn lójú. Wọ́n á la egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ lápá méjèèjì, bí ẹní la pákó, wọ́n á sún un sẹ́yìn, wọ́n á fi irin titanium kéékèèké dè é. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì, Trauner àti Obwegeser, ló ṣàlàyé ọgbọ́n yìí lọ́dún 1957. Nígbà míì, wọ́n á sún ti òkè náà síwájú.

Lẹ́yìn náà, kúnú, ẹ̀kọ mímu àti oúnjẹ rírọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 6. Ètè ìsàlẹ̀ lè kú, kó má mọ ìfọwọ́kàn, fún oṣù mélòó kan. Ti àwọn míì kì í padà sípò tán, ẹ bi dókítà yín dáadáa nípa èyí. Wáyà á sì tún wà lẹ́nu fún bí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó lẹ wáyà mọ́ yín léyín, ì báà ṣe ní Wuse tàbí Gwagwalada, ẹ béèrè pé: "Dókítà, ṣé iṣẹ́ abẹ lẹ ń to eyín yìí dè, àbí ẹ fẹ́ fi bo àṣírí àgbọ̀n mi láìsí iṣẹ́ abẹ?" Nínú ọ̀nà méjèèjì yìí, ibi tí ọ̀kan ń ti eyín sí, òdìkejì rẹ̀ ni èkejì ń tì í sí. Ẹni tí wọ́n bá ti bo tiẹ̀ láṣìírí, tó wá padà yan iṣẹ́ abẹ, wọ́n á ní láti ti gbogbo eyín yẹn padà.