Ràn Wá Lọ́wọ́

Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù kẹrin, ọdún 2020
Bíbélì kíkà: Máàkù 9:14–27

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A kú ìgbélé, a kú àmúmọ́ra. A ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹta kónílé-ó-gbélé nílùú Èkó nítorí àrùn Kòrónà. Inú pálọ̀ ni ọdún Àjíǹde bá wa, olúkúlùkù pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ìjọba tún fi ọjọ́ 14 lé e. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gba ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa láàárọ̀ yìí, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Òní ni ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń rántí àwọn tó ní hìmófílíà, àìsàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bó ṣe yẹ. Nínú nǹkan bí ọmọkùnrin 5,000 tí a bá bí, ẹyọ kan ló máa ń ní èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀yà rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ìdí ìdábẹ́ ni àṣírí rẹ̀ ti sábà máa ń tú. Wọ́n á dá abẹ́ fún ìkókó, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ títí, ẹ̀jẹ̀ á lóun ò dá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn kan á ti máa wo ìyá ọmọ níwòkuwò.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa tó ń gbé ní Ìkòròdú. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọdún 7. Lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, ọmọ náà fò sílẹ̀ láti orí àga, bí ọmọdé ṣe ń ṣe, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa di alẹ́, orúnkún rẹ̀ ti wú, awọ ibẹ̀ ń dán. Fákítọ̀ kan ṣoṣo ló kù nílé. Fákítọ̀ ni àwọn òbí wọ̀nyí ń pe oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Inú fìríìjì ló ń gbé, NEPA sì ti mú iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán. Ìyá yìí lọ kan ilẹ̀kùn obìnrin tó ń ta omi tútù ládùúgbò, ó sì bẹ̀ ẹ́ ní píọ̀ wọ́tà dídì mẹ́ta. Ó fi méjì sínú kúlà. Ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọ náà wé ìgò oògùn kó tó gbé e sáàárín wọn, nítorí oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dì. Ó fi aṣọ wé ẹ̀kẹta, ó gbé e lé orúnkún ọmọ. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe mọ́ bá wọn.

Láàárọ̀, aládùúgbò kan fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn. Ní Mile 12, àwọn agbófinró dá wọn dúró. “Ilé ìwòsàn kẹ̀? Kí ló ń ṣe é? Ojú egbò dà?” Kò sí egbò. Inú oríkèé ni ẹ̀jẹ̀ náà ń dà sí. Ó di dandan kí ó ká ṣòkòtò ọmọ náà sókè lójú títì, kí wọ́n fojú ara wọn rí orúnkún rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò ó, ó mira, ó ní, “Ẹ máa lọ, màmá.” Ọlọ́run á bù kún ẹni yẹn níbikíbi tó bá wà.

Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, mo bèèrè pé, “Ọmọ ńkọ́?” Kíá ló dáhùn: wọ́n ti fún un lábẹ́rẹ́, ó ti ń fẹsẹ̀ tilẹ̀. Mo ní, “Ìwọ ńkọ́?” Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, àṣé ẹkún ló ń gbé mì. Ó ní, “Mọ́mì, láti ọdún 7, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí.” Ó ní nígbà tí àwọn jókòó nílé ìwòsàn, òun ò mọ èwo ni kí òun sá fún, ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú orúnkún ọmọ òun ni, àbí èémí àwọn tó jókòó ti òun.

Ẹ wá bá mi lọ sínú Bíbélì kíkà wa. Ọkùnrin kan mú ọmọ rẹ̀ tọ Jésù wá. Nígbà tí Jésù dé ibẹ̀, àwọn akọ̀wé àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn ń jiyàn ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ aláìsàn wà nílẹ̀. (Ẹ ò rí i pé kò tíì yí padà.) Ọmọ náà ṣubú, ó ń yí nílẹ̀, ó ń yọ ìfóófòó lẹ́nu. Jésù kọjú sí baba rẹ̀, ó bi í pé: ó ti pẹ́ tó tí èyí ti ń ṣe é? Kò béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Kò béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ nígbà tó wà nínú oyún. Bí dókítà ṣe ń béèrè ló ṣe béèrè, ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn.

Baba ní láti kékeré ni, àti pé ìgbà púpọ̀ ni ẹ̀mí àìmọ́ tó wà lára ọmọ náà ti gbé e sọ sínú iná àti sínú omi. Ta ló ń fà á yọ ní gbogbo ìgbà púpọ̀ yẹn? Bíbélì kò sọ. Èmi rò pé ọwọ́ baba yẹn á ti lápàá iná. Ọ̀rọ̀ tó sọ tẹ̀lé e ló mú mi jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ yìí. “Ọmọ mi” ló fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tó dórí ẹ̀bẹ̀, ó ní: ṣàánú fún wa, kí o sì ràn wá lọ́wọ́. Kò ní “ràn án lọ́wọ́.” Ó ní “wa.”

Ta ni “wa” nínú ilé tó wà ní Ìkòròdú yẹn? Baba ọmọ ń wa dánfó, ọkọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò lójú kan láti 30 oṣù kẹta. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 13. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá òun náà á bí irú àbúrò òun. Ìyá kò mọ ohun tó máa sọ, torí òótọ́ ni pé ara ìyá ni àìsàn yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin, ọmọbìnrin sì lè gbé e lára láìmọ̀. Síbẹ̀, nínú ẹni mẹ́ta tó ní in, ó tó ẹnì kan tó jẹ́ pé kò sí irú rẹ̀ rí nínú ẹbí. Ẹni tó bá fẹ́ fi bú ìyá ọmọ, kó kọ́kọ́ wá sọ ọjà tí ìyá náà ti rà á fún mi.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi omi gbígbóná jó irú orúnkún bẹ́ẹ̀, ẹ má wọ́ ọ, ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ pé a jí. A gbé gbogbo ọmọ tí àìsàn wọn ṣọ̀wọ́n wá síwájú Rẹ: èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì, èyí tí egungun rẹ̀ ń kán bí igi gbígbẹ, èyí tí iṣan rẹ̀ ń joro, àti èyí tí dókítà kò tíì rí orúkọ fún àìsàn rẹ̀. Ìwọ mọ orúkọ ọmọ. Má ṣe jẹ́ kí Kòrónà kan ilẹ̀kùn wọn.

Olúwa, ẹ̀bùn láti òkèèrè ni ọ̀pọ̀ fákítọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń lò, pápákọ̀ òfurufú wa sì ti tì mọ́ àwọn èrò òkèèrè láti 23 oṣù kẹta. La ọ̀nà fún oògùn. Má jẹ́ kí èyí tó wà nílẹ̀ tán kí òmíràn tó dé.

Fún àwọn ìyá ní oorun. Oorun gidi, Baba, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ojú kan sùn.

Baba tí kò jáde ṣiṣẹ́, má jẹ́ kí ojú tì í níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Rán ẹni tó máa gbé gàárì wá láìjẹ́ pé ó tọrọ.

Rántí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n ti kọ́ láti máa ṣeré jẹ́jẹ́. Gbọ́ ìbéèrè tí wọn kò lè bi wá.

Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tí ìbòmú ti fa ilà sí lójú, pa wọ́n mọ́, àtàwọn ará ilé wọn.

Dárí jì wá, àwa tí a bèèrè ohun tí ìyá ṣe, tí a kò bèèrè bóyá ó ti jẹun.

Olúwa, a gbàgbọ́. Ran àìgbàgbọ́ wa lọ́wọ́. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ẹni tó bá ní fìríìjì tó ń lo sólà ní agbègbè Ìkòròdú, kó jọ̀ọ́ kàn sí mi láàárọ̀ yìí. Páálí oògùn náà kéré, ẹ̀gbẹ́ ẹyin lásán á gbà á.